Àǹtí Aago àti Ọpọlọ Ẹlẹ́ni Mẹ́rìnlá

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Àǹtí Aago ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, tàbí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ń ṣe agídí, ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún un: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Kàn án. Má tì í.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Kúkúrú. Awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, tí yóò sì tún máa wá ìkẹta. Ó fi okùn pupa gbé aago kan kọ́rùn, irú èyí tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá máa ń tẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ń sáré. Bí ẹni pé ẹnì kan lè sáré kọjá níwájú rẹ̀ nígbàkigbà.

Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Obìnrin mẹ́jọ, tábìlì mẹ́jọ, ọ̀gá kan tí ojú rẹ̀ máa ń le láàárọ̀, tó tún máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà dé. Iṣẹ́ fà sẹ́yìn. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Àwọn méje yòókù ń kùn lábẹ́lẹ̀. Òun kò kùn. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń wo aago ara ògiri, ó sì ń kọ gbogbo ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń dúró de ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìwé náà ka iwájú ọ̀gá. Wákàtí mọ́kànlá.

“Ta ló ní kó o máa kọ èyí?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀yin lẹ ní a lọ́ra.”

Àwọn ẹ̀rọ ni wọ́n kó dà nù. Wọn ò lé obìnrin kankan.

Láti ìgbà náà, kò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ mọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Lára ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó lẹ àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ pátákó kan, láti orí àgbà dórí àbíkẹ́yìn, bí àwòrán ìdílé. Nǹkan pẹlẹbẹ, onígun mẹ́rin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Àlejò tó bá dé ni yóò fi hàn.

“Èyí tó wà lókè yẹn, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà fún ẹ, ó ń kọrin fún ẹ, òun náà ló ń gbá ilẹ̀. Ó kàn ń sáré láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì ni. Nígbà tó yá, wọ́n di méjì. Wọ́n di mẹ́rin. Ọmọ ìyá ni wọ́n, agbára wọn dọ́gba. Àwọn ti ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lú pọ̀: alágbára díẹ̀, arọra díẹ̀. Alágbára yára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa. Arọra ò yára, ṣùgbọ́n kò ní jẹ ẹ́ run.”

“Èwo ló wá dára jù nínú wọn?”

“Iṣẹ́ wo lo fẹ́ bẹ̀ ẹ́?”

Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sọ pé tuntun ló dára, kì í sì í sọ pé ti àtijọ́ ni. Yóò ní kí onítọ̀hún padà síbi iṣẹ́. Òun náà yóò tẹ̀ lé e lọ, yóò wá àga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ìwé lórí orúnkún. Ìlà kan láàárín ìwé. Lápá ọ̀tún, ìṣẹ́jú tí èèyàn fi dúró de ẹ̀rọ. Lápá òsì, ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi dúró de èèyàn.

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kan sunkún tọ̀ ọ́ wá nígbà kan. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ti darúgbó, ó ń pa òun lára, àfi tuntun. Àǹtí Aago lọ jókòó tì í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó na ìwé náà sí i. Apá ọ̀tún, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Apá òsì, wákàtí mẹ́fà.

“Òun ló yẹ kó sunkún wá bá mi, kì í ṣe ìwọ.”

“Àǹtí, ṣé ẹ ń sọ pé mò ń sùn ni?”

“O ò sùn. Ọ̀rẹ́ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò ṣe dáadáa rárá.”

Ó tú ẹ̀rọ náà, ó gbọn eruku ọdún méje kúrò nínú rẹ̀, ó fi kún àyè ìrántí rẹ̀, ó lọ sílé. Akọ̀wé náà ṣì ń lò ó.

Ẹni tọ́rọ̀ yìí máa ń dùn jù ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni tirẹ̀, lójú títì ńlá, kọ̀ǹpútà tuntun nìkan ló ń tà. Ẹnu kì í sú u. Ohun tó bá dé lọ́sẹ̀ yìí ló dára jù láyé, títí dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tuntundé ni wọ́n sọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń ba ọjà mi jẹ́.”

“Mo ń tún un ṣe ni. Ẹni tí mo bá rán sí ẹ, ṣé ó tíì dá nǹkan padà rí?”

“Ẹni mélòó lẹ rán sí mi látìgbà tọ́dún ti bẹ̀rẹ̀?”

“Méjì.”

“Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Ẹnì kẹta ni Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni bàbá yìí ń ṣe. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí àìsàn mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùnlélọ́gọ́ta, ó gùn, ó tẹ̀ díẹ̀ nídìí ọrùn nítorí títẹ̀ba lórí iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń rùn bí ike tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹsẹ̀ kún ara ògiri: ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ àgbà, ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, èyí tí kò wọ̀. “Èmi nìkan ni mo ní ogójì ẹsẹ̀ nílé,” bàbá máa ń wí bẹ́ẹ̀, “tí mi ò sì lè sáré lé bọ́ọ̀sì.”

Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nira. Ife rẹ̀ ló nira, ibi tí ẹran ara ti ń wọnú ike. Bó bá fún ju bó ṣe yẹ lọ, egbò. Bó bá dẹ̀, èèyàn á ṣubú. Bàbá á fi kámẹ́rà kékeré kan yí ohun tó kù nínú ẹsẹ̀ náà ká, kọ̀ǹpútà á ya àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn náà á jókòó ṣírò ibi tí ife náà yóò ti di ara mú àti ibi tí yóò ti rọ̀ fún un. Àbájáde ìṣirò náà ni bàbá ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń gbẹ́ ike nílùú mìíràn. Ìṣirò yìí gan-an ni wàhálà. Ogójì ìṣẹ́jú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn jókòó, bàbá jókòó, gbogbo ẹsẹ̀ ara ògiri ń wò wọ́n.

Àǹtí Aago jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan. Nígbà tó dìde, apá ọ̀tún ìwé rẹ̀ ti kún dé ìsàlẹ̀.

“Bàbá, ẹ rà á.”

“Kí ni mo máa rà?”

“Tuntun.”

Ó pè é ní tuntun, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnu òun ló ti jáde.

Tuntundé gbé ẹ̀rọ méjì wá, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n gbé bàtà fún. Ọ̀kan, àlòkù tó ṣì dára, ọpọlọ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ti irú àtijọ́, agbára wọn dọ́gba. Èkejì, tuntun nínú páálí, ọpọlọ ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá: alágbára mẹ́fà, arọra mẹ́jọ.

“Mẹ́rìnlá, Bàbá. Mẹ́rìnlá.”

“Dákẹ́ ná,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ètò kọ̀ǹpútà tí Bàbá fi ń ṣírò ti pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pín. Òṣìṣẹ́ kan ló máa ṣe é, mẹ́tàlá yòókù á káwọ́ lérán máa wò ó.”

“Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?”

“Ìwọ ló ń tà á. Ìwọ ni kó o sọ fún wa.”

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Aago mọ ohun tó ń wá. Kì í ṣe iye wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ṣe yára tó ni. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí aláìsàn ìkẹyìn ti lọ, ó gbé ètò bàbá sórí ẹ̀rọ méjèèjì, ó mú àwòrán ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ti ṣe tán láti ọdún tó kọjá, ó tẹ aago. Ẹlẹ́ni mẹ́jọ: ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá: ìṣẹ́jú méjìlá. Ó tún un ṣe. Méjìlá. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Méjìlá, ó dín díẹ̀.

“Bàbá, èyí ni.”

Wọ́n gbé ògbólógbòó Bàbá, ẹlẹ́ni mẹ́rin, sábẹ́ tábìlì. Bàbá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà.

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́ta géérégé, fóònù Àǹtí Aago dún.

“Àǹtí Aago, ẹ̀rọ yín yìí ò sáré o.”

Bàbá kì í fi “yín” bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ, ó sì dìde dúró.

“Ó ń lọ, àbí ó ti dúró?”

“Ó ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń fà. Ogún ìṣẹ́jú rèé, nọ́ńbà ẹ̀ kò tíì dé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ògbólógbòó mi ì bá ti dé ìdajì. Aago mẹ́rin ni iléeṣẹ́ yẹn máa ti ìwé oṣù yìí pa, aláìsàn àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí rẹ̀ sì wà níbí.”

Kò bá a jiyàn. Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, ó ń rìn, ó ń ṣe ìṣirò lọ́kàn. Òun ló ní kí wọ́n rà á. Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò tíì sọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀rọ tó ní láti gbé mì.

Nígbà tó wọlé, aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin kan jókòó sórí àga gíga, ó tó ẹni ogójì ọdún, ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ ká lórí orúnkún òsì. Ìsàlẹ̀ orúnkún náà, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Iṣẹ́ lẹ́tà pípín ló ń ṣe. Kó tó di pé ọkọ̀ gbá a, òpópónà mọ́kànlá ló máa ń fẹsẹ̀ rìn lóòjọ́. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ti ní àwọn á dá àyè rẹ̀ sí, iṣẹ́ orí ìdúró níbi tí wọ́n ti ń to lẹ́tà, títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bí ife ẹsẹ̀ náà bá wọ ìwé oṣù yìí, á bá a. Bó bá di ti oṣù míì, ẹlòmíì ló máa dúró síbẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà,” obìnrin náà wí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ tó ń sùn?”

“Èmi ni mo jí i,” Àǹtí Aago wí. “Ó dà bíi pé ó tún ti padà sùn.”

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fa ògbólógbòó jáde lábẹ́ tábìlì dé ìlàjì, wáyà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo fẹ́ padà sórí tàtijọ́.”

“Mélòó ni nọ́ńbà rẹ̀ báyìí?”

Bàbá ṣí àwòrán ẹsẹ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ó wò ó. Àádọ́ta. Ó tún gbé e pamọ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí ẹ bá padà sórí tàtijọ́, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ látòdo. Ogójì ìṣẹ́jú. Ó di aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin náà sì ń lò tó ogún ìṣẹ́jú láti fojú yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.”

“Bí mo bá sì dúró ti èyí?”

“Bó ṣe ń lọ yìí, àtọ̀hún àtibí, ó ti pẹ́.”

“Kí wá ni ká ṣe?”

“Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Bàbá wo aláìsàn rẹ̀. Aláìsàn náà wo Àǹtí Aago, láti orí awò ojú kejì dórí okùn pupa.

“Ẹ fún un, Bàbá,” ó wí. “Ẹni tó bá gbé nǹkan báyìí kọ́rùn, yálà ó mọ ohun tó ń ṣe ni o, àbí kí n tètè máa wá iṣẹ́ míì.”

Àǹtí Aago fa àga, ó jókòó. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fetí sí ẹ̀rọ náà: atẹ́gùn inú rẹ̀ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ yìí kan náà, ó ń hó ni. Ẹ̀rọ tí kò làágùn. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Ó dúró ìṣẹ́jú méjì. Ó ní kí Bàbá ṣí i. Mẹ́tàléláàádọ́ta. Bàbá sì tún gbé e pamọ́. Àwòrán ẹsẹ̀ náà wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán pápá tútù àti ojú sánmà nìkan ló ṣẹ́kù.

“Ẹ jọ̀wọ́, mo lè rí omi mu?” ìyá alálẹ́tà bi wọ́n.

Bàbá dìde lọ pọn ọ́n wá ní yàrá ẹ̀yìn. Bó ṣe lọ tán, Àǹtí Aago nawọ́, ó ṣí àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ wo nọ́ńbà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Márùn-ún. Mẹ́fà. Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ gbé ohùn sókè. Méje. Kò tíì tó ìdajì ìṣẹ́jú.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá ti gbé omi dé. Ó rí àwòrán náà ní gbangba, ó sáré kọjá níwájú aláìsàn, ó na ìka, ó gbé e pamọ́ kó tó gbé ife omi kalẹ̀. Atẹ́gùn náà rọlẹ̀.

“Bàbá,” Àǹtí Aago wí jẹ́jẹ́. “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbé e pamọ́?”

“Bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe ni.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àga gíga náà. “Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ibi tí wọ́n gé ló wà nínú àwòrán yẹn, gbàgàdà. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn jókòó máa wò lára ara rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Bí mo bá ti ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé e kúrò lójú wọn. Mo sì ń bá wọn tàkurọ̀sọ.”

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bu omi tútù sí Àǹtí Aago lára. Ó ti rí ọwọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé lórí orúnkún, ó rí i lẹ́ẹ̀mẹfà, aláìsàn mẹ́fà, ìka bàbá ń gbé àwòrán pamọ́. Ó ka ìṣẹ́jú. Kò ka ìka. Lọ́jọ́ Ajé tó sì dán ẹ̀rọ wò, àga gíga ṣófo. Kò sí ẹni tí wọ́n ń gbé nǹkan pamọ́ fún.

“Ìdí rẹ̀ rèé,” ó wí. “Nínú ògbólógbòó yín, àwọn mẹ́rin yẹn dọ́gba. Ẹ gbé iṣẹ́ pamọ́ o, ẹ gbé e síta o, ọ̀kan náà ni. Ti tuntun yìí ń wo ojú. Iṣẹ́ tó bá wà níwájú èèyàn, alágbára ló ń gbé e fún. Èyí tẹ́ ẹ bá gbé pamọ́, ó gbà pé kò kán yín lójú. Ó gbé e fún arọra. Ìdí nìyẹn tí kò fi làágùn.”

“Ó rò pé iṣẹ́ mi ò ṣe pàtàkì?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, Bàbá. Láìmọ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀ báyìí, á parí kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé.”

Bàbá kò ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò gbé e. Ọdún mọ́kàndínlógún wà nínú ọwọ́ yẹn. Aago ara ògiri ń lọ.

“Kò sí ọ̀nà míì?”

“Ọ̀nà míì wà. Mo lè wọ inú ètò rẹ̀, kí n sọ fún un pé alágbára ni kó máa gbé e fún nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe é lórí ètò tó ti pẹ́ báyìí rí. Bó bá kọ̀, tó kú mọ́ wa lọ́wọ́, a ti pàdánù gbogbo ohun tó ti ṣe. Mi ò ní dán an wò lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì.”

“Ẹsẹ̀ ta?” ìyá alálẹ́tà bèèrè.

Àwọn méjèèjì yíjú.

“Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé mo ti sùn. Ẹsẹ̀ ni mi ò ní, mo létí.” Ó gbé omi mu, ó gbé ife kalẹ̀. “Bàbá, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Èmi ni mò ń fi ìpara pa á. Kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀ tí mi ò tíì rí?”

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin náà.

“Ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ó ṣí i.

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú lórí àga. Ẹsẹ̀ náà ń yí lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ eérú, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ búlúù àti pupa ń wọ̀ ọ́ lára ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ibi tí yóò di mú, ibi tí yóò rọ̀. Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ ń hó. Ọgọ́ta. Márùnlélọ́gọ́ta. Àádọ́rin. Àǹtí Aago ò wo nọ́ńbà mọ́; ojú obìnrin náà ló ń wò.

“Pupa yẹn ńkọ́?”

“Ibi tó máa ń dun èèyàn ni,” Bàbá wí. “Ibẹ̀ ni mo ti ní láti fàyè sílẹ̀.”

“Ẹ sún un sápá ìta díẹ̀. Kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni.”

Bàbá yí padà, ó wò ó. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí aláìsàn tó tíì bá a tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lójú ẹ̀rọ, nítorí kò sí èyí tó rí i. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ àga gíga náà.

Nígbà tí nọ́ńbà pé ọgọ́rùn-ún, aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn méjèèjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, obìnrin ń fìka júwe, bàbá ń fi eku kọ̀ǹpútà sún ìlà. Wọ́n ń jiyàn. “Bó bá dẹ̀ jù, o máa ṣubú.” “Bó bá sì fún mi jù, ẹ̀yin ni mo máa ṣubú lé lórí.” Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, bàbá fi í ránṣẹ́. Ó pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù, kó lè dá a lójú. Ọkùnrin kan dáhùn, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu.

“Ó ti wọlé, sà. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn.”

Ìyá alálẹ́tà mú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró.

“Bàbá, ẹ máa bi àwọn èèyàn kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́ fún wọn. Ẹlòmíì ò ní fẹ́. Èmi fẹ́.”

Nígbà tó lọ, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ jókòó lórí àga tirẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Àǹtí Aago ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Àṣìṣe mi ni. Mo wọn ẹ̀rọ, mi ò wọn yín mọ́ ọn. Mo rí ọwọ́ yín, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ padà sórí tàtijọ́, màá bá yín tò ó kí n tó lọ.”

“Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà látìgbà tí a ṣí i?”

“Mẹ́fà. Fún ohun tó ṣẹ́kù.”

“Ògbólógbòó mi ò lè ṣe é.” Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ àtijọ́ padà sábẹ́ tábìlì, jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn sọ òótọ́. Ẹlòmíì ò ní fẹ́. Ọmọ kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò ní ṣí i lójú ọmọ yẹn.”

“Ẹ má ṣí i.”

Ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó wọ inú ètò, ó ń kà, ó ń pààrọ̀ awò ojú. Ó lé ní wákàtí kan kó tó rí ibi tó ń wá. Ó de ìṣirò náà mọ́ àwọn alágbára mẹ́fà, ó ní kó má kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọn ì báà gbé e pamọ́ tàbí kí wọ́n ṣí i. Ó mú àwòrán ẹsẹ̀ ọdún tó kọjá, ó gbé e kalẹ̀.

“Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ lọ jókòó sórí àga gíga yẹn.”

“Èmi? Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé.”

“Ẹ ṣáà lọ jókòó. Mi ò ní dán ẹ̀rọ kankan wò mọ́ tí àga bá ṣófo.”

Bàbá lọ, ó gun orí àga náà tìkanratìkanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn ń fì. Kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó wo ògiri láti ibẹ̀, ó wo ogójì ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó báyìí. Àǹtí Aago ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ó wá nawọ́, bó ṣe rí bàbá tí ń nawọ́, ó sì gbé àwòrán náà pamọ́. Pápá tútù. Ojú sánmà.

Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ kò rọlẹ̀. Ó ń hó lọ.

“Ẹni tó bá jókòó síbí, wọ́n máa ń bá a tàkurọ̀sọ ni,” Bàbá wí látorí àga. “Ó yá, bá mi sọ̀rọ̀. Aláìsàn ni mí.”

“Kí lẹ fẹ́ gbọ́?”

“Ọkọ ọ̀rẹ́ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi. Kí ló ṣe gan-an?”

Àǹtí Aago bọ́ awò ojú kan, ó fà á sórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.